Igo A àti Ọ̀nà Ìwòpin

Ọjọ́ tí Nimotalahi kọ́kọ́ bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó gbé òun lọ sí Ìwòpin, ó ṣì mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé. Ó mọ̀ pé Abdulafeez ni ọmọ òun àgbà, pé Hidayah ló tẹ̀lé e, pé bàbá wọn ti kú, àti pé ilé tí òun jókòó sí yìí, ní Òjòwò, nílùú Ìjẹ̀bú-Igbó, òun àti olóògbé ni àwọn jọ fi òwò obì kọ́ ọ. Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà kò ju nǹkan wẹ́wẹ́ lọ: ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, bóyá ó ti kírun Àsárì tàbí kò tíì kí i, orúkọ obìnrin tó ti ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ láti ogún ọdún.

Òun fúnra rẹ̀ ló bi dókítà léèrè, kò jẹ́ kí ọmọ gba ẹnu òun sọ̀rọ̀. Dókítà ní àìsàn tó ń jẹ iyè ni, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́, pé oògùn tó wà lè fà á sẹ́yìn fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Nimotalahi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dìde. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí Afeez jókòó.

"Afeez, gbé mi rè Ìwòpin. Mo fẹ́ rí Rùkáyàt."

Rùkáyàt ni àbúrò rẹ̀, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọkọ ló gbé e lọ sí Ìwòpin, létí ọ̀sà, ní apá Ògùn Wọ́tásáìdì lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló sì ti ń yan ẹja tà títí ìdí rẹ̀ fi yẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, igi ló fi ń rìn nínú ilé, kò lè wọ mọ́tò.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n lórí fóònù fún yín," Afeez wí.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́ sí, kí èmi náà sì mọ ẹni tí mò ń sọ ọ́ fún. Ìwẹ náà gbọ́ ohun tí dókítà wí. Tètè gbé mi rè."

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà Afeez, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ìwòpin kò ju wákàtí méjì lọ, bí ọ̀nà bá tilẹ̀ burú. Àárọ̀ Sátidé kan péré ló gbà. Wọn ì bá jẹun ọ̀sán níbẹ̀, wọn ì bá sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni Afeez, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìfẹ́ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó gbé e lọ. Ó ní nǹkan kan lọ́kàn tó rò pé ó dára ju ìrìn àjò lọ, inú fíríìsà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló sì wà.

Àgọ́-Ìwòyè ni Afeez ti ń ṣiṣẹ́, ní láàbù kékeré kan lọ́nà Àwà. Pròfẹ́sọ̀ Gbọ́láhàn, ọkùnrin kan tó ti pẹ́ lókè òkun kó tó padà wálé, ló dá láàbù náà sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Afeez ló ń tọ́jú eku funfun ibẹ̀, òun ló ń po oògùn, òun ló ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, Pròfẹ́sọ̀ sì fọkàn tán an débi pé kọ́kọ́rọ́ fíríìsà, ọ̀dọ̀ Afeez ló ń wà.

Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ nìyí. Ọpọlọ wa a máa pèsè èròjà kan fúnra rẹ̀, tó fi ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Èròjà náà ló ń mú wọn dàgbà, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè kú, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè na ọwọ́ mú ara wọn. Bí irú àìsàn tó mú Nimotalahi bá wọlé, oúnjẹ yìí a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Èèyàn kò sì lè kàn fún ọpọlọ ní irú rẹ̀ láti ìta, torí ó tóbi jù, kò ríbi wọlé. Ni àwọn onímọ̀ bá ń ṣe èyí tó kéré bíńtín, tó fara wé e, tí sẹ́ẹ̀lì yóò gbà bí ẹni pé ọpọlọ ló pèsè rẹ̀. Pẹ́pítáìdì ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá kán an sí ihò imú, á gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọpọlọ.

Ọ̀rẹ́ Pròfẹ́sọ̀ kan tó ṣì wà lókè òkun ló fi oògùn náà ránṣẹ́ nínú àwọn igo kéékèèké. Oríṣi méjì ni: wọ́n kọ A sára àwọn kan, wọ́n kọ B sára àwọn yòókù. Ọ̀kan jẹ́ pẹ́pítáìdì, èkejì jẹ́ omi iyọ̀ lásán. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀, òórùn wọn kò yàtọ̀. Agbo eku kan ń gba A, agbo kejì ń gba B, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá gbáko. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tó mọ èyí tó jẹ́ oògùn, àní Pròfẹ́sọ̀ pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Inú àpòòwé kan ni ìdáhùn wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n fọwọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Pròfẹ́sọ̀ a máa sọ pé ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní ṣe ojúsàájú, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ìgbà mélòó ni Afeez ti ṣàlàyé èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́! Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rí nǹkan kan. Wọ́n ní táńkì omi dúdú kan tí wọ́n gé sí méjì, tí wọ́n gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ omi inú rẹ̀. Mílíìkì oníyẹ̀fun ni wọ́n ń pò mọ́ omi náà kí eku má bàa rí òkúta. Eku tí iyè rẹ̀ bá pé, bó bá ti rí òkúta yẹn lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá tún ju ú sómi, ibẹ̀ ni yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ tààrà. Èyí tí iyè rẹ̀ ti ra, ńṣe ni yóò máa yípo. Àwọn eku A ń wá òkúta wọn rí kíákíá. Àwọn B ń yípo. Afeez dúró lẹ́bàá táńkì, aago ìdíwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "A ni oògùn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń fa díẹ̀díẹ̀ jáde nínú igo A, ó ń fi omi iyọ̀ dí ibi tó dín kù kí ẹnikẹ́ni má bàa fura, ó ń gbé èyí tó fà náà lọ sílé nínú fúláàsì tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Kò tíì jí nǹkan rí láyé rẹ̀. Ojú tì í, ìtìjú náà kàn kéré sí ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni.

Lówùúrọ̀, bí ìyá rẹ̀ bá ti kírun Àsùbáà tán, á mú un jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, á fi ọwọ́ kejì kán oògùn náà sí i nímú. Nírọ̀lẹ́, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nimotalahi a ṣe Bísímílà fúnra rẹ̀, á sín, á rẹ́rìn-ín.

"Ó tutù, ó sì ń rìn mí nímú. Ṣé èyí ló máa gbé mi dé Ìwòpin?"

"Òun ni, Màámi. Ẹ jẹ́ ká lò ó tán ná. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rìn wọ ilé Ìyá Ìwòpin, ẹ ó lo odidi oṣù kan níbẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ ó rò ó tán fún wọn."

"Ìn ṣáà Àlláhù," ìyá rẹ̀ wí.

Oògùn náà gbọdọ̀ máa tutù, kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, ẹni tó ń lò ó kò sì gbọdọ̀ ṣe wàhálà. Afeez ló fi àwọn òfin yìí lélẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú òfin eku ló ti yọ wọ́n. Gbogbo Sátidé tó bá dé, ó ní ìdí kan tí wọn kò fi lè lọ.

Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan bí èyí tí wọ́n ń lò ní láàbù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án: ó rántí ibi tí sálúbàtà rẹ̀ wà. Ọjọ́ kẹtàlá: ó ka Fátíhà látòkè délẹ̀, kò ta kókó. Ọjọ́ kọkàndínlógún: ó ṣa odidi agbọ̀n obì kan, ó yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, ó fi ewé di èyí tó dára. Inú Afeez dùn lọ́jọ́ náà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ìwé náà lọ fi han Hidayah, tó ń ránṣọ lójú fèrèsé.

Hidayah kà á, ó dá a padà fún un. Òun ló wà nílé pẹ̀lú ìyá wọn láti àárọ̀ títí di ìgbà tí Afeez bá padà láti Àgọ́-Ìwòyè. Kí Afeez tó dé lọ́jọ́ tí à ń wí yìí ni Hidayah ti jókòó ti agbọ̀n náà, tó tú gbogbo ewé, tó tún obì ṣà láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó pupa ni ìyá wọn kó sápá kan, èyí tó funfun lápá kejì. Èyí tí kòkòrò ti lu pọ̀ nínú méjèèjì.

"Bọ̀dá mi," ó wí níkẹyìn, "ọjọ́ tí Màámi da omi sórí iná gáàsì, ṣé ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀?"

"Ìyẹn jẹ́ àṣìṣe lásán."

"Ọjọ́ tí wọ́n ń pè mí ní oníbàárà ńkọ́?"

"Hidayah, ó rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Kí ló dé tí o ò fẹ́ kí nǹkan yìí ṣiṣẹ́?"

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ sí àbúrò rẹ̀ ni. Hidayah tẹjú mọ́ aṣọ tó ń rán, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ní láàbù, bí eku kan bá ṣe dáadáa lọ́jọ́ méjì tó sì ṣe ségesège lọ́jọ́ márùn-ún, Afeez á kọ méjèèje sílẹ̀. Nílé, ọjọ́ méjì yẹn nìkan ló ń kọ.

Rùkáyàt náà pè láti Ìwòpin. Ó ti gbọ́ pé ara ẹ̀gbọ́n òun kò yá, òun kò sì lè wá.

"Gbé e wá fún mi, Afeez. Mo ti fi ẹja ọ̀bọ̀kún tó tóbi pamọ́ dè é. Ibùsùn kan náà la ó jọ sùn bí ìgbà tá a wà lọ́mọdé."

"Ẹ fún wa ní oṣù kan sí i, Ìyá. Ẹ ó rí i, ara wọn á ti yá pátápátá. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí wọn báyìí."

"Báyìí báwo? Ṣé ó ṣì mọ̀ mí?"

"Wọ́n ń dárúkọ yín lójoojúmọ́."

"Ó dáa. Máa tọ́jú rẹ̀ fún mi. Màá dúró dè yín."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ìyá wọn ti ń lo oògùn náà, lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, Hidayah wọlé lọ mú òwú, kó tó jáde, ìyá wọn kò sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Gbogbo Òjòwò ni wọ́n wá kiri. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Fuad ló gbé e padà wá, láti àdúgbò Japara. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìlagi kan ni òun ti rí ìyá àgbà náà, ó wọ sálúbàtà sí ẹsẹ̀ kan, ó so obì márùn-ún mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń bi pé ibo ni ọ̀nà Ìwòpin.

Hidayah pe Afeez. Bó ṣe dé, kò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Ẹ gbé wọn lọ. Mo bẹ̀ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ rí Ìyá Ìwòpin lọ́la."

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bí a bá já a dúró báyìí, gbogbo èyí tá a ti ṣe á di òfo."

"Tí kò bá sì ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́! Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? Wọ́n rántí Ìwòpin, wọ́n rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá Ìyá sọ. Tí iyè wọn bá ti lọ, ṣé wọ́n á máa wá ọ̀nà kiri?"

Àtọjọ́ náà ló ti sọ ẹ̀kán méjì di mẹ́ta sí imú ìyá rẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìyá náà sì ń lọ sílẹ̀ níṣojú wọn. Ó ń pe Afeez ní orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, á fa ìborùn bojú bó bá wọlé, á bi í bóyá ọjà tà. Á fi ṣíbí ya irun. Nígbà mìíràn á jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán, obì kan lọ́wọ́, á máa yí i, á máa yí i. Bí Afeez bá gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kì í ṣe Bísímílà mọ́. Ẹ̀rù a máa bà á, á di ọwọ́ ọmọ náà mú, á ní kó jọ̀ọ́ kó má pa òun. Afeez á kán an bẹ́ẹ̀ náà. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń gbé ọjọ́ mẹ́fà méje kí ó tó rí nǹkan kan kọ sí i. Ṣùgbọ́n kò dẹ́kun.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá pé. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Pròfẹ́sọ̀ Gbọ́láhàn gbé àpòòwé jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Afeez àti akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Pròfẹ́sọ̀ fi awò ojú rẹ̀ sí, ó fi àlùmọ́gàjí gé etí àpòòwé, ó fa bébà kan jáde, ó kọ́kọ́ kà á sínú. Lẹ́yìn náà ó kà á sókè.

"A, omi iyọ̀. B, pẹ́pítáìdì."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà pariwo ayọ̀, ó ń fò sókè. Pròfẹ́sọ̀, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ju ọwọ́ sókè, ó ń jó káàkiri àárín àwọn tábìlì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni àwọn eku B ti ń rántí òkúta wọn. Oògùn náà ṣiṣẹ́ lára wọn.

Afeez gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe àṣìṣe? Àwọn A ló kọ́kọ́ yára."

"Ní ìbẹ̀rẹ̀ kẹ̀! Ṣebí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ ni àgò wọn wà, ìwọ lo máa ń gbé wọn jáde, tí ò ń fi búrẹ́dì tọ́ wọn. Wọ́n ti mọ ọwọ́ èèyàn ṣáájú àwọn yòókù, wọn kò bẹ̀rù bí a ṣe ń gbé wọn sómi. Ìyẹn nìkan ni. Ìdí rẹ̀ rèé tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má ka ìtumọ̀ sí nǹkan kan títí a ó fi parí. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn A ti ń gbàgbé. Ìwọ lo kọ gbogbo nọ́ńbà yìí sílẹ̀, Afeez. Ṣé o ò rí i ni?"

Òun ló kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti dá a lójú pé A ni, ó kàn ń kọ B sílẹ̀ bí ẹni ń da ilẹ̀ nù ni, kò padà wo ojú ìlà rẹ̀ mọ́. Orí pẹpẹ kan náà ni igo méjèèjì wà nínú fíríìsà yẹn, wọn kò jìnnà síra wọn ju ìka mẹ́rin lọ. Lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọjá lára B lọ mú A.

"Èyí tó ṣẹ́kù nínú B ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ṣebí o ti fọ àwọn igo náà ní Túsìdeè? Kò sí ìkankan mọ́. Wọ́n á tún ṣe òmíràn, bóyá lọ́dún tó ń bọ̀." Pròfẹ́sọ̀ dì mọ́ ọn. "Má kánjú. Eku ṣì ni o, ọdún pípẹ́ ni yóò gbà kó tó kan èèyàn, ó sì lè má ṣe nǹkan kan fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ wà nínú èyí, ọmọ mi. O ṣe é."

Afeez kò lè jẹ́wọ́. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń sá àgò eku sí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Omi iyọ̀! Omi iyọ̀ lásán ló ń kán sí ìyá rẹ̀ nímú láàárọ̀ lálẹ́, tó ń fi agbára gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa òun. Àwọn ohun rere inú ìwé rẹ̀, sálúbàtà, Fátíhà, obì, kò sí èyí tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Ọjọ́ tó dára díẹ̀ tó ṣẹ́kù fún ìyá rẹ̀ láyé ni wọ́n, ara rẹ̀ ló sì ti ń yọ wọ́n fún un kí wọ́n lè gbé e lọ sí Ìwòpin. Afeez ló kọ wọ́n sínú ìwé. Omi náà kò pa á lára, ìyẹn ni ì bá tu ẹlòmíràn nínú. Àwọn Sátidé yẹn ni kò lè gbójú kúrò lára wọn. Ó kà wọ́n lórí ìka, wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án.

Sátidé kẹwàá ni wọ́n lọ. Hidayah wẹ̀ fún ìyá wọn, ó wọ aṣọ léèsì aláwọ̀ ewé fún un, ó we ìborùn funfun lé e. Afeez wa ọkọ̀ gba Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n yà sí ọ̀nà Ògùn Wọ́tásáìdì, wọ́n la igbó ọ̀pẹ àti rọ́bà kọjá. Nimotalahi jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, ó ń wo igi. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogójì ni wọ́n fi débẹ̀, Afeez wo aago nígbà tó pa ọkọ̀, ó sì dorí kodò sórí ìdarí ọkọ̀ títí Hidayah fi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Rùkáyàt ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti igi tó fi ń rìn. Òórùn ẹja yíyan gba ojúde, ọ̀sà ń dán lẹ́yìn ilé. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe oríkì tí ìyá wọn máa ń kì í. Wọ́n mú àwọn méjèèjì jókòó sórí ìjókòó gígùn kan lábẹ́ òrùlé. Rùkáyàt gba ọwọ́ Nimotalahi, ó fi sí àyà rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí. Èmi rèé. Wọ́n ní ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá mi sọ."

Nimotalahi wò ó pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. Ó kí i, ó ní báwo ni ọjà. Rùkáyàt tún sọ ọ́. Ó dárúkọ ìyá wọn, ó dárúkọ odò tí wọ́n ti ń pọnmi. Nimotalahi ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Rùkáyàt yíjú sí Afeez. "Kí ló fẹ́ sọ fún mi? Ó sọ fún ẹ, àbí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá," Afeez wí. "Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

"Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà," Rùkáyàt wí jẹ́jẹ́. "Mi ò bi í rí. Mo ní ọjọ́ tó bá yá a lára, á sọ ọ́."

Ìgbà náà ni Nimotalahi tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ṣé ẹ mọ ọ̀nà Ìwòpin?"

Hidayah dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn ilé.

"Mo mọ̀ ọ́n," Rùkáyàt dáhùn.

"Àbúrò mi wà níbẹ̀. Rùkáyàt lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rè ibẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń bọ̀. Kó má rò pé mo gbàgbé. Ọmọ mi ló ní kí ara mi kọ́kọ́ yá."

Rùkáyàt kò wo Afeez. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, kò fi èkejì sílẹ̀. "Kí ni kí n bá yín sọ fún un? Ẹ rán mi. Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ náà ni màá ṣe jẹ́ ẹ fún un."

Nimotalahi wò ó lójú fún ìgbà pípẹ́. Ètè rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó rọra fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn ọwọ́ àlejò rẹ̀.

"Rárá o, Ìyá, ẹ ṣeun. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rán èèyàn. Ojú rẹ̀ ni màá sọ ọ́ sí."

"Ó dáa," Rùkáyàt wí. "Màá ní kó máa retí yín."